Òkè Yìnyín Tí Kò Ní Yìnyín

Láti ọjọ́ tí mo ti padà dé sí Ìbàdàn, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó bá wá kí mi ń bi mí: "Rọ̀fíà, ṣé o rí yìnyín lọ́hùn-ún?" Ẹ jẹ́ kí n tètè dáhùn, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ọdún méjì ni mo lò ní Dublin, yìnyín tí mo rí níbẹ̀ kò kún abọ́ ìmumi kan. Òjò ni mo rí. Òjò àárọ̀, òjò ọ̀sán, àti irú òjò kan tí kò rọ̀, tí kò sì dá, tó kàn dúró sínú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó tìtorí rẹ̀ jáde nílé. Síbẹ̀, ìlú tí kò ní yìnyín yìí ni wọ́n ti sọ mí di ọ̀gá nínú eré orí yìnyín, ibẹ̀ náà ni iṣẹ́ sì ti fẹ́ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí rẹ̀. N óò sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, n óò sì sọ bó ṣe ń ṣe mí nínú, nítorí bí mi ò bá ṣàlàyé dáadáa, ẹ óò rò pé mo parọ́. Mo parọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irọ́ náà kéré gan-an nígbà tí mo pa á.

Lọ́dọ̀ Bọ̀dá Tàjù

Ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ ní Dublin. Ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Tàjù ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń bá àwa akẹ́kọ̀ọ́ tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà lẹ́bàá géètì yunifásítì. CV kan ṣoṣo ló wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí o bá dé, yóò pa orúkọ ẹni tó ṣáájú rẹ rẹ́, yóò fi tìrẹ sí i, yóò yí ọjọ́ ìbí àti ilé ìwé padà, ó parí nìyẹn. Lọ́jọ́ tó kàn mí, a ò mọ ìgbà tí wọ́n máa mú iná lọ, torí náà ó ń kánjú. Mo wá rí i pé níbi tí wọ́n ti ń kọ ohun tí èèyàn fẹ́ràn láti máa ṣe bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ pé: kíkàwé, rírin ìrìn-àjò, síkì.

"Bọ̀dá, kí ni síkì?"

"Eré òyìnbó ni. Wọ́n á de pátákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á máa yọ̀ láti orí òkè yìnyín bọ̀ wálẹ̀."

"Mi ò ṣe é rí o."

"Ta ni yóò wá wò ẹ́ níbí? Àbúrò, gbogbo ẹni tí mo bá fi í sí fún ló ń ríṣẹ́. Ṣé kí n yọ ọ́ ni?"

Mo ní kó má yọ ọ́. Mo rántí pé àyà mi já díẹ̀, ṣùgbọ́n iná lọ lójú ẹsẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé ìwé mi ti jáde. Bí ẹ bá kó gbogbo CV tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù yẹn jọ, ẹ óò rò pé òkè yìnyín kan wà lẹ́yìn ọjà Bódìjà, tí gbogbo wa ti ń yọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Declan pè mí lórí fóònù láti Dublin. Iléeṣẹ́ rẹ̀ ń wá àwọn tó mọ ìṣirò. Ó bi mí ní ìbéèrè nípa iṣẹ́, mo dáhùn. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ohùn rẹ̀ yí padà bí ti ẹni tó rí ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́nà.

"O tún ń ṣe síkì?"

"Yes, sir," ni mo wí.

Mi ò mọ ìgbà tó jáde. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹnu mi ló dáhùn, èmi fúnra mi ṣì ń ronú.

Àlàáfíà mi

Ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Dublin ni ọkùnrin tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò. Ó wò mí lójú, ó béèrè pé báwo ni mo ṣe wà. Inú mi dùn débi pé omi fẹ́ẹ́ bọ́ lójú mi, nítorí láti àárọ̀ kò sẹ́ni tó béèrè. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ mi wú nínú ọkọ̀ òfurufú, pé màmá mi ń sunkún nígbà tí mo kúrò nílé, pé mi ò lè jẹ ẹran tí wọ́n gbé fún mi torí mi ò mọ irú ẹran tó jẹ́, pé ẹ̀rù sì ń bà mí díẹ̀, àmọ́ mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó lu òǹtẹ̀. Ó ní, "Ó dáa náà." Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé wọn kì í retí ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn.

Ilé Àǹtí Sìkírá, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi, ni mo dé sí ní Tallaght. Ọkọ rẹ̀, Bọ̀dá Wàsíù, jẹ́ dókítà ní ọsibítù tó wà níbẹ̀. Àǹtí fúnra rẹ̀ ń ta oúnjẹ ilé ní Parnell Street, torí náà ebi gààrí kò pa mí. Ọmọ wọn, Sàínábù, ọmọ ọdún mẹ́wàá, gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ Yorùbá sí i, òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn, òyìnbó àwọn ọmọ Dublin tó ń yára bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Ọ́fíìsì wa wà ní Citywest, kò jìnnà sílé. Ìgbà tí owó ń ṣàn ní Ireland ni: ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kọ́lé, ọkọ̀ ojú irin kékeré tó ń bọ̀ láti àárín ìlú sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ná Tallaght. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ní sùúrù, wọ́n sì ń yà mí lẹ́nu. Wọ́n ń pe ọ̀gá ní Declan, bí ẹni ń pe ọmọ àdúgbò. Mi ò lè ṣe é. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan, grand, tí wọ́n ń lò fún oúnjẹ tó dùn, fún òjò tó ń pa wọ́n lọ́wọ́, àti fún ẹsẹ̀ tó ti kán. Gráinne, ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fi bọ́tà pa búrẹ́dì lọ́jọ́ kan, ó da ànàmọ́ díndín inú ọ̀rá lé e lórí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rún, ó sì fún mi ní ìdajì. Ó ń ró gbàù gbàù nínú orí mi. Ó dùn. Ojú tì mí pé ó dùn.

Ṣùgbọ́n ohun tó rú mi lójú jù ni bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ara wọn. Gráinne gbé kéèkì tó ṣe fúnra rẹ̀ wá, ó ní, "Ẹ má jẹ ẹ́ o, ó burú." Mi ò jẹ ẹ́. Mo rò pé ó ń kìlọ̀ ni. Gbogbo àwọn yòókù jẹ ẹ́ tán, wọ́n ń lá ìka. Níbẹ̀, ẹni tó bá mọ nǹkan ṣe dáadáa ló máa ń sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n. Nílé wa, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rárá ló máa ń sọ pé òun ni ọ̀gá. Èmi wà láàárín, mi ò mọ èyí tí mo jẹ́.

Ìkéde

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi dán mi wò lẹ́nu iṣẹ́. Bí oṣù kẹfà bá pé, Declan ni yóò buwọ́ lu ìwé pé kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Bí kò bá buwọ́ lù ú, àṣẹ tí mo fi ń gbé ìlú náà tán nìyẹn, mo ti ń bọ̀ nílé.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kẹfà gan-an ni Declan dìde láàárín ọ́fíìsì tó kéde pé iléeṣẹ́ yóò gbé gbogbo wa lọ sí òkè yìnyín ní ilẹ̀ òkèèrè nígbà tó bá yá. Àmọ́ kó tó dìgbà yẹn, a óò kọ́kọ́ lọ sí òkè kan lẹ́yìn ìlú Dublin ní Sátidé, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ eré síkì, kí wọ́n lè mọ ibi tí agbára kálukú dé.

"Rọ̀fíà kò nílò ẹ̀kọ́ ní tirẹ̀," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó wà nínú CV rẹ̀."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kì í ṣe pé mo lè ṣubú. Ohun tí mo ń rò ni pé bí wọ́n bá rí i pé ìlà kan nínú ìwé yẹn kì í ṣe òótọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ìlà yòókù. Wọ́n á béèrè bóyá mo lọ sí yunifásítì rárá. Ọdún mẹ́rin tí mo fi kàwé, tí màmá mi fi ta aṣọ rẹ̀ nítorí mi, síkì yóò gbé e lọ.

Mo sọ fún Àǹtí Sìkírá ní ilé ìdáná.

"Kí ló dé tóò sọ fún ọkùnrin náà pé oò mọ̀ ọ́n?"

"Wọ́n á lé mi, Àǹtí."

"Sọ pé ẹsẹ̀ ń dùn ẹ́, kí Bọ̀dá ẹ bá ẹ kọ ìwé."

Bọ̀dá Wàsíù kò tilẹ̀ gbójú sókè nínú ìwé ìròyìn. "Ẹsẹ̀ wo? Ẹsẹ̀ tó ń sáré lé bọ́ọ̀sì láràárọ̀ yẹn? Èmi ò kọ ìwé irọ́. Ọ̀kan ti pọ̀ jù nínú ilé yìí."

Sàínábù ló gbà mí. Wọ́n ti kó wọn lọ sí òkè náà rí láti ilé ìwé. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ojú ọ̀nà tirẹ̀: àwọ̀ ewé fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan, búlúù fún ẹni tó ti mọ̀ díẹ̀, pupa fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, dúdú fún àwọn tí orí wọn kò pé. Ó ní tí mo bá dé ibẹ̀, kí n ṣá máa sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n, wọ́n á fún mi ní àwọ̀ ewé, n óò wà láàárín àwọn ọmọdé, kò sẹ́ni tó máa wò mí.

Ọkàn mi balẹ̀. Èrò mi ni pé kì í ṣe irọ́, òótọ́ gan-an ni, àti pé òótọ́ ni yóò gbà mí là. Mo sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹni tó sọ òótọ́

Kò sí yìnyín lórí òkè náà. Mo wò ó títí. Òkè eléwéko tútù ni, àwọn àgùntàn ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n wá tẹ́ nǹkan kan sí i lára láti òkè délẹ̀, rọ́bà líle tó ní irun ṣóńṣó ṣóńṣó bíi búrọ́ọ̀ṣì ìfọlẹ̀. Wọ́n ń fín omi sí i kó lè máa yọ̀. Òjò náà sì ń rọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ wọn ò ti omi yẹn pa. Gbogbo ẹ̀rù tí mo ti ń bẹ̀rù látọjọ́ yìí, búrọ́ọ̀ṣì ni.

Wọ́n wọ bàtà tó wúwo bíi bíríkì fún mi, wọ́n dé akoto lé ìborí mi. Obìnrin kan jókòó sídìí tábìlì, ó ń béèrè lọ́wọ́ kálukú bó ṣe mọ̀ ọ́n tó, ó sì ń so ọ̀já aláwọ̀ mọ́ ọn lápá. Ó kan Gráinne.

"Áà, èmi kò wúlò rárá," ni Gráinne wí.

"Kò wúlò rárá? Pupa nìyẹn," obìnrin náà dáhùn, ó so pupa fún un. Gráinne kò jiyàn.

Ó yẹ kí n ti rí i níbẹ̀ yẹn. Mi ò rí i. Mo sún mọ́ tábìlì, mo rọra sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò mọ̀ ọ́n rárá. Mi ò tíì ṣe é rí láyé mi."

Obìnrin náà bojú wò mí, ó gbé ojú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Declan, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbọ́ ohun tó ń sọ!" ni Declan pariwo. "Kò ṣe é rí!"

"Lóòótọ́ ni, sir. Mo fi Ọlọ́run búra."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní mo ti di ọmọ Ireland pátápátá. Bí mo ṣe ń sọ òótọ́ sí i ni ipò mi ń ga sí i. Obìnrin náà na ọ̀já dúdú sí mi, ó ní ẹni tó bá rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ tó báyìí, kò sí ibòmíì tí òun lè fi í sí.

Ó wá kan Declan. Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sórí ọ̀já búlúù. Ó wò mí, ó wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó mú dúdú.

Ìkíni

Àtẹ̀gùn la gùn dé òkè, àwa méjèèjì nìkan, pátákó lórí èjìká. Láti òkè yẹn, gbogbo Dublin wà nísàlẹ̀ títí dé etí òkun, ó kéré, ó rí bí eérú, ó dára. Mo ronú pé ibi tó dáa ni láti kú sí. Declan ń bá pátákó rẹ̀ jà, kò lè dè é mọ́ ẹsẹ̀, mo sì rò pé òtútù ni.

Ìyá àgbà kan ló wà lókè, wọ́n ń pè é ní Nuala. Irun rẹ̀ funfun bí òwú, ó dàgbà ju ìyá tó bí màmá mi lọ. Òun ló ń yẹ èèyàn wò kó tó jẹ́ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, òun náà ló bá mi de pátákó mọ́ ẹsẹ̀. Bí mo ṣe rí i ni ara tù mí. Àgbàlagbà ni, n óò sọ òótọ́ fún un, kò ní fi mí rẹ́rìn-ín. Ó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó yíjú sí mi, ó ní, "Káàsán, ọ̀rẹ́ mi. Báwo lo ṣe wà?"

Ẹ̀yin tí a jọ tọ́ wa dàgbà, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kí ìyá arúgbó kí mi, kí n dúró ṣánṣán? Ara mi kò gbà á. "Ẹ káàsán, mà," ni mo wí, orúnkún mi sì tẹ̀.

Bí orúnkún ṣe tẹ̀ ni pátákó gbéra.

Mi ò pariwo. Ohun tí mo rántí jù ni pé mi ò dìde. Ìyá náà kò tíì ní kí n dìde. Mo tẹ orúnkún báyìí, ọwọ́ níwájú, orí wálẹ̀, mo ń kí i lọ sísàlẹ̀ òkè, atẹ́gùn ń fẹ́ mi lójú, mo ń pe Ọlọ́run ní gbogbo orúkọ tí mo mọ̀. Mo kọjá Gráinne, tó ń yọ̀ bí omi lójú ọ̀nà pupa. Àgùntàn kan gbójú sókè. Tìmùtìmù ńlá tí wọ́n tò sísàlẹ̀ ló dá mi dúró, mo wọ inú rẹ̀ tán, pátákó mi nìkan ló kù níta.

Nígbà tí wọ́n fà mí jáde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

"Ẹ wo bó ṣe tẹ orúnkún!" ni wọ́n ń sọ. "Látòkè délẹ̀, kò na ẹsẹ̀ rárá!"

Wọ́n ní ohun tó ṣòro jù láti kọ́ nínú eré náà nìyẹn, pé ọdún púpọ̀ ni èèyàn fi ń kọ́ ọ. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ọdún púpọ̀ ni mo fi kọ́ ọ lóòótọ́.

A wá gbójú sókè. Declan ṣì wà níbẹ̀. A dúró. Ó fi ẹsẹ̀ kan síwájú, ó fà á padà. Nígbà tó yá, ìyá Nuala bá a tú pátákó, ó di apá rẹ̀ mú, ó ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sìn ín bọ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Nínú ahéré

"Ọrùn ẹsẹ̀ mi ni," ni Declan sọ fún gbogbo ayé. Èmi àti rẹ̀ nìkan ló jókòó sínú ahéré tí wọ́n ti ń mu tíì. Àwọn yòókù wà níta, wọ́n ń pè mí pé kí n wá tún un ṣe, Gráinne ti gbé kámẹ́rà jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Mo lè dákẹ́. Ìwé tó máa gbà mí síṣẹ́ yóò jáde ní Mọ́ńdè, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pè mí sórí òkè yẹn lẹ́ẹ̀kejì, mo sì mọ̀ pé mi ò ní bọ́ níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àyà mi ti kún.

"Sir, mi ò tíì ṣe síkì rí. Bọ̀dá Tàjù ló kọ ọ́ sí CV mi."

"Ta ni Bọ̀dá Tàjù?"

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, títí kan iná tó lọ. Mo ní ìkíni ni ohun tí wọ́n rí lórí òkè. Mo wá ṣí báàgì mi. Gbogbo ìwé-ẹ̀rí mi ni mo kó dání nínú ọ̀rá, mo tò wọ́n sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíì: ti yunifásítì, ti girama, ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àti ti ilé kéwú. Mo ní kó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó mú ti ilé kéwú, ó wò ó pẹ́, ó dorí ìwé náà kodò, ó tún dá a padà.

"Kí ló dé tóo fi mú àwọ̀ dúdú?" ó béèrè níkẹyìn.

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí wọ́n fi í fún mi, sir."

"Mo rò pé o mọ̀ ọ́n ni! Mo sì mú tèmi torí pé o mú tìrẹ. Ṣé kí n wà lórí búlúù, kí òṣìṣẹ́ mi wà lórí dúdú?" Ó gbé ife tíì sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan ni mo lọ sórí òkè yìnyín rí. Ọjọ́ méje. Òtútù mú mi, mo fi ọjọ́ mẹ́fà dùbúlẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀."

A wo ara wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo sì yára fọwọ́ bo ẹnu, nítorí ọ̀gá ni. Òun náà bá ń rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mi.

"Declan," ni mo wí. Orúkọ rẹ̀ jáde lẹ́nu mi nígbà àkọ́kọ́, ó sì ṣàjèjì létí mi. "Ṣé ẹ máa lé mi?"

"Ó di Mọ́ńdè."

Ó jáde lọ sọ fún wọn pé orúnkún mi nílò ìsinmi.

Mọ́ńdè

Mi ò jẹun láti Sátidé títí di Mọ́ńdè, àfi gààrí lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí Sìkírá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá kí òun bá mi ra àpótí ńlá. Ní aago mẹ́wàá, Declan pè mí wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó na ìwé sí mi. Wọ́n gbà mí síṣẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ìgbà kẹta ni mo tó rí ọjọ́ tó kọ sí i.

"Ọjọ́ Jímọ̀ lẹ buwọ́ lù ú? Ká tó lọ sórí òkè?"

"Ìgbà wo ni mo fẹ́ buwọ́ lù ú? Iṣẹ́ rẹ ni mo wò, Rọ̀fíà. Kí ló kan síkì níbẹ̀?"

Mi ò lè ṣàlàyé ohun tó ṣe mí. Inú mi dùn, mo sì bínú, mo tún wá ń káàánú ẹ̀rù tí mo ti fi ṣòfò. Mo tẹ orúnkún láti dúpẹ́. Declan fò sẹ́yìn, ó di tábìlì mú.

Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́ bẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ inú ahéré yẹn, ọjọ́ méje àti òtútù, kí ẹnikẹ́ni ní Dublin má gbọ́ ọ lẹ́nu mi láéláé. Mo ṣèlérí. Gbogbo ìgbà tó kù tí mo lò níbẹ̀, mi ò sọ ọ́ fún Gráinne, mi ò sọ ọ́ fún Àǹtí Sìkírá, Sàínábù gan-an fi ṣokoléètì bẹ̀ mí, mi ò sọ ọ́. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn: Dublin ni mo ṣèlérí fún.